Ọ̀pá Mẹ́rin Kì í Ṣe Òṣùwọ̀n

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó sọ̀rọ̀ nípa àwòrán kékeré kan tí ó máa ń wà ní igun ojú kọ̀ǹpútà. Àwòrán náà ni ó ń sọ fún wa bóyá Wi-Fi lágbára tàbí kò lágbára. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á gbọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ohun tí ó ń sọ kì í ṣe òótọ́ tán.

Kí ni èyí kàn wá? Owó ni ó kàn. Ẹni tí ó gba àwòrán gbọ́ lè ra kọ̀ǹpútà tuntun nígbà tí èyí tí ó ní kò bàjẹ́. Ó lè pe oníṣẹ́, kí ó sanwó fún un, nígbà tí kò sí ohun tí ó nílò àtúnṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti mọ ìwé kà, ẹ sì ti mọ nọ́ńbà kà. Nọ́ńbà gidi wà lẹ́yìn àwòrán náà. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ bí a ti ń kà á.

1. WI-FI, RÉDÍÒ NI

Wi-Fi kì í ṣe idán. Rédíò ni. Ẹ rántí bí rédíò ti ń ṣiṣẹ́. Ilé iṣẹ́ rédíò ń fọ́n ìgbì sínú afẹ́fẹ́. Rédíò tí ó wà nínú ilé yín ń gba ìgbì náà, ó sì ń sọ ọ́ di ohùn. Bí ẹ bá jìnnà sí ilé iṣẹ́ náà, ohùn á máa lọ sílẹ̀, ariwo á sì máa dà á láàmú.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Wi-Fi rí. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní ráútà. Òun ni ó ń fọ́n ìgbì. Káàdì kékeré kan sì wà nínú kọ̀ǹpútà tí ó ń gba ìgbì náà. Ìyàtọ̀ kan ni ó wà. Rédíò ilé yín ń gbọ́ nìkan ni, kò lè dáhùn. Káàdì Wi-Fi ń gbọ́, ó sì ń dáhùn. Òun àti ráútà jọ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni.

Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ IEEE. Ní 1997, ẹgbẹ́ yìí tẹ ìwé òfin kan jáde tí ó sọ bí ráútà àti káàdì yóò ṣe máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Orúkọ òfin náà ni 802.11. Ẹ rántí òfin yìí, a ó tún padà sórí rẹ̀.

2. LINUX ÀTI ÀWÒRÁN INÚ IGUN

Kọ̀ǹpútà kò lè dá nǹkan kan ṣe fúnra rẹ̀. Ètò ńlá kan ni ó ń darí rẹ̀. Windows jẹ́ ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Linux náà jẹ́ ọ̀kan. Linus Torvalds, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ìlú Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991. Ẹnikẹ́ni lè gba Linux lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnikẹ́ni sì lè ṣí inú rẹ̀ wò, kí ó ka bí wọ́n ti kọ ọ́. Nítorí èyí ni a fi lè mọ bí wọ́n ti ń ya àwòrán tí à ń sọ yìí.

Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Linux, NetworkManager ni ètò tí ó ń mójú tó Wi-Fi. Ilé iṣẹ́ Red Hat ní Amẹ́ríkà ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2004. Ètò kékeré kan ń bá a rìn, orúkọ rẹ̀ ni nm-applet. Òun ni ó ń ya àwòrán sí igun. Lórí kọ̀ǹpútà mìíràn àwòrán náà jẹ́ ọ̀pá mẹ́rin tí ó ga ju ara wọn lọ. Lórí òmíràn ó rí bí abẹ̀bẹ̀ tí a ṣí. Ọ̀nà tí ó ń gbà yà á kò le rárá. Ètò náà ń gba nọ́ńbà kan láti 0 dé 100:

Bí nọ́ńbà bá ju 80 lọ, ó ya ọ̀pá mẹ́rin.
Bí ó bá ju 55 lọ, ó ya ọ̀pá mẹ́ta.
Bí ó bá ju 30 lọ, ó ya ọ̀pá méjì.
Bí ó bá ju 5 lọ, ó ya ọ̀pá kan.
Bí kò bá ju 5 lọ, kò ya ọ̀pá kankan.

Ẹ wo nǹkan kan níhìn-ín. Nọ́ńbà 80 gba ọ̀pá mẹ́ta. Nọ́ńbà 81 gba ọ̀pá mẹ́rin. Ìyàtọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo, ọ̀pá ti yí padà. Ṣùgbọ́n 56 àti 80 jìnnà sí ara wọn, ọ̀pá mẹ́ta náà ni àwọn méjèèjì ń gbà. Nítorí náà, bí ọ̀pá kan bá dín, ẹ má ṣe fò sókè. Bí ọ̀pá kò bá sì yí padà, ẹ má ṣe rò pé kò sí nǹkan tí ó ṣẹlẹ̀.

Àwòrán náà kì í sì í yí padà ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ẹ bá gbé kọ̀ǹpútà láti yàrá kan lọ sí òmíràn, ó lè jẹ́ ti yàrá àkọ́kọ́ ni ó ṣì ń fi hàn. Ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó wò ó.

3. KỌ́ŃGÒ IBO?

A ti rí i pé nọ́ńbà kan láti 0 dé 100 ni ó ń di ọ̀pá. Níbo wá ni nọ́ńbà náà ti ń wá? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé òun ra gàrí kọ́ńgò mẹ́ta, ẹ lè bi í pé, "Kọ́ńgò ibo?" Ẹ mọ ìdí rẹ̀. Kọ́ńgò ọjà kan lè tóbi ju ti ọjà kejì lọ. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ti lu ìdí kọ́ńgò wọn wọnú. Gbogbo wọn ni à ń pè ní kọ́ńgò, ṣùgbọ́n gàrí inú wọn kò dọ́gba. Abéèrè kì í ṣìnà.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí pẹ̀lú káàdì Wi-Fi. Òfin 802.11 sọ pé káàdì lè fi nọ́ńbà kan sọ bí ó ti ń gbọ́ ráútà sí. Wọ́n ń pe nọ́ńbà náà ní RSSI. Ṣùgbọ́n òfin náà kò sọ iye tí nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ tó bí agbára bá kún. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe káàdì ni ó ń yan èyí fúnra rẹ̀. Ẹnìkan lè fi 100 ṣe ẹ̀kún. Ẹlòmíràn lè fi 60 ṣe ẹ̀kún. Olúkúlùkù ló ní kọ́ńgò tirẹ̀.

4. ÒṢÙWỌ̀N TÍ KÌ Í YÍ PADÀ

Òṣùwọ̀n kan wà tí ó jẹ́ bákan náà níbi gbogbo. Orúkọ rẹ̀ ni dBm. A ń pè é ní dí-bí-ẹ́ẹ̀mù. Lẹ́tà B inú rẹ̀ wá láti inú orúkọ Alexander Graham Bell, ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ lórí tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà ní 1876.

Ẹ wo gílóòbù iná. Wọ́n kọ wáàtì sí i lára: wáàtì 10, wáàtì 60. Bí a bá pín wáàtì kan ṣoṣo sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ìdá kan nínú rẹ̀ ni à ń pè ní mílíwáàtì kan. Mílíwáàtì kan yìí ni 0 dBm. Láti ibẹ̀ lọ, bí a bá ti sọ̀kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀ 10, agbára yóò di ìdá kan nínú mẹ́wàá:

0 dBm ni mílíwáàtì kan.
−10 dBm ni ìdá kan nínú 10 mílíwáàtì.
−20 dBm ni ìdá kan nínú 100.
−30 dBm ni ìdá kan nínú 1,000.
−40 dBm ni ìdá kan nínú 10,000.
−70 dBm ni ìdá kan nínú 10,000,000.

Ẹ ò rí i pé ohun tí káàdì ń gbọ́ kéré gan-an! Síbẹ̀ ó ń gbọ́ ọ, ó sì ń lóye rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún àmì ìyọkúrò tí ó wà níwájú nọ́ńbà. Ó máa ń da ènìyàn rú. −40 lágbára ju −70 lọ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ gbèsè wò ó. Ẹni tí ó jẹ gbèsè 40 náírà sàn ju ẹni tí ó jẹ gbèsè 70 náírà lọ. Bí gbèsè bá ti ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni agbára ń dín kù.

Ìtọ́nà yìí yóò ràn yín lọ́wọ́. Kì í ṣe òfin, ṣùgbọ́n ó wúlò:

Láti −30 dé −50: ó lágbára gidi.
Láti −51 dé −60: ó dára.
Láti −61 dé −70: ó ṣeé lò.
Láti −71 dé −80: kò lágbára, ó lè máa já.
Bí ó bá rẹlẹ̀ ju −80 lọ: ẹ má retí ohun púpọ̀.

Káàdì fúnra rẹ̀ lè fi díẹ̀ ṣì í. Káàdì méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lè yàtọ̀ ní 3 tàbí 4. Ìyẹn kì í ṣe ìjà.

5. ÒGBUFỌ̀ ÀTI ẸNI TÍ Ó Ń MÉFÒ

Káàdì kò gbọ́ èdè Linux. Ètò kékeré kan ni ó dúró láàárín wọn bí ògbufọ̀. Àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè é ní driver. Káàdì kọ̀ọ̀kan ní ògbufọ̀ tirẹ̀.

Ní 1996, Jean Tourrilhes bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan tí gbogbo ògbufọ̀ lè máa gbà bá Linux sọ̀rọ̀. Orúkọ ọ̀nà náà ni Wireless Extensions. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n àwọn ògbufọ̀ kò sọ̀rọ̀ bákan náà. Òmíràn mú dBm wá. Òmíràn mú nọ́ńbà láti 0 dé 100 wá. Òmíràn mú kọ́ńgò tirẹ̀ wá. Òmíràn sì mú dBm wá ní àwọ̀ mìíràn: ó fi 256 kún un, tí ó fi jẹ́ pé −70 di 186.

Kí ni NetworkManager ṣe? Ó ń méfò ni. Òfin àméfò rẹ̀ nìyí:

Bí nọ́ńbà bá ní àmì ìyọkúrò, ó gbà pé dBm ni.
Bí nọ́ńbà bá ju 110 lọ, tí kò sì tó 256, ó yọ 256 kúrò nínú rẹ̀, ó sì gbà pé dBm ni èyí tí ó kù.
Bí kò bá jẹ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì, ó gbà pé ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni.

Àméfò yìí bọ́gbọ́n mu. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó máa ń bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí a sọ pé káàdì kan ń fi 60 ṣe ẹ̀kún. Agbára kún dé ẹnu, ògbufọ̀ sì sọ pé, "60." NetworkManager á gbọ́ ọ bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ya ọ̀pá mẹ́ta. Onílé á jókòó síwájú ráútà gan-an, á sì máa wá ọ̀pá kẹrin títí. Kò ní rí i láé. Kò sí ohun tí ó ṣe Wi-Fi rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni kò yé ara wọn.

Ní 2007, ohun tuntun kan tí à ń pè ní mac80211 wọ inú Linux. Láti ìgbà náà ọ̀pọ̀ káàdì ń mú dBm gidi wá, irú àṣìṣe yìí sì ti dín kù. Ṣùgbọ́n kò tíì tán, pàápàá lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́. Òmíràn tún kù tí dBm kò lè wò sàn. Ẹ jẹ́ kí a rí i.

6. KỌ̀ǸPÚTÀ MÉJÌ LÓRÍ TÁBÌLÌ KAN

Ẹ ka ìtàkurọ̀sọ yìí. Ìyá kan tí ó ń ránṣọ ni ó ń bá ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ìyá: Ọmọ mi, wá bá mi wò ó. Kọ̀ǹpútà mi ti fẹ́ kú o. Ọ̀pá méjì péré ló ń mú wá. Ti ọmọ mi nìyí, ọ̀pá mẹ́ta. Orí tábìlì kan náà ni wọ́n wà. Mo ti ń kó owó jọ láti ra tuntun.

Ọ̀dọ́mọkùnrin: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ṣé tiyín ń falẹ̀ ju ti ọmọ yín lọ ni?

Ìyá: Rárá o. Méjèèjì ló ń falẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin: Ó dáa, mà. Ẹ jẹ́ kí n tẹ àṣẹ kan sí ara àwọn méjèèjì. Ẹ wo ojú ìlà tí wọ́n kọ "signal" sí. Kí ni ẹ rí?

Ìyá: Lórí tèmi, àmì ìyọkúrò, àádọ́rin. Lórí ti ọmọ mi… àmì ìyọkúrò, àádọ́rin. Háà! Iye kan náà ni wọ́n!

Ọ̀dọ́mọkùnrin: Iye kan náà ni, mà. Kọ̀ǹpútà yín ò ṣe nǹkan kan. Ètò tó ń ya àwòrán ni ò jọ ara wọn. Kọ́ńgò wọn ò dọ́gba.

Ìyá: Kí ló wá dé tí méjèèjì ń falẹ̀?

Ọ̀dọ́mọkùnrin: Níbo ni ráútà wà, mà?

Ìyá: Ó wà lẹ́yìn àpótí irin tí mò ń kó aṣọ oníbàárà sí. Mi ò fẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án.

Ọ̀dọ́mọkùnrin: Irin kì í jẹ́ kí ìgbì kọjá dáadáa, mà. Ẹ jẹ́ kí a gbé e sókè, sórí pákó tó wà lára ògiri yẹn. Ọmọdé ò ní lè dé ibẹ̀. Ẹ tún wò ó wàyí.

Ìyá: −58! Ó ti sàn. Ọ̀pá mẹ́ta ló wà lórí àwọn méjèèjì báyìí. Owó tí ǹ bá fi ra kọ̀ǹpútà, òwú àti bọ́tìnì ni n ó fi rà jàre.

Báwo ni iye kan náà ṣe di àwòrán méjì? Ìṣirò rẹ̀ nìyí.

Ètò àkọ́kọ́, NetworkManager, ní ọ̀nà kan tí ó fi ń sọ dBm di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ó gbà pé −40 ni ẹ̀kún, −100 sì ni òfo. Láàárín wọn ìgbésẹ̀ 60 ni ó wà. −70 wà ní àárín gan-an. Nítorí náà ó di 50. 50 kò ju 55 lọ. Ọ̀pá méjì.

Ètò kejì ń ka nọ́ńbà tí Linux ń pè ní link quality. Lórí káàdì tí ó ń sọ dBm, Linux gbà pé −40 ni ẹ̀kún, ṣùgbọ́n −110 ni òfo. Láàárín wọn ìgbésẹ̀ 70 ni ó wà. −70 fi ìgbésẹ̀ 40 ga ju òfo lọ. 40 nínú 70 jẹ́ bí 57 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ètò kejì bá ń pín ọ̀pá bí ti àkọ́kọ́, 57 ju 55 lọ. Ọ̀pá mẹ́ta.

Ta ni ó purọ́ nínú wọn? Kò sí. Ẹ rò ó wò. Agbára ìgbì kò ní ọgọ́rùn-ún tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn. Ènìyàn ni ó yan ibi tí ẹ̀kún wà àti ibi tí òfo wà. Ẹni méjì yàn, wọn kò yan bákan náà. Nítorí náà kò sí bí a ṣe lè tún àwòrán náà ṣe tí yóò fi di òótọ́ tán fún gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n −70 jẹ́ −70 níbikíbi.

Ẹ wo ohun mìíràn. Láti −70 dé −58, ìgbésẹ̀ 12 ni. Agbára tí káàdì ń gbọ́ ti di ìlọ́po bíi 16. Síbẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà ọmọ náà, ọ̀pá mẹ́ta ni ó wà tẹ́lẹ̀, ọ̀pá mẹ́ta náà ni ó sì wà lẹ́yìn náà. Àwòrán kò sọ nǹkan kan. Nọ́ńbà ni ó sọ̀rọ̀.

7. AGBÁRA KÌ Í ṢE IYÁRA

Ó lè jẹ́ pé ọ̀pá mẹ́rin ni ẹ rí, tí ó sì jẹ́ òótọ́, síbẹ̀ kí íntánẹ́ẹ̀tì máa falẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀pá ń sọ bí káàdì yín ti ń gbọ́ ráútà nìkan ni. Kò sọ nǹkan mẹ́rin wọ̀nyí:

Èkíní, ariwo. Bí ẹnìkan bá ń pariwo sí yín létí nínú ọjà tí ẹ̀rọ ìgbóhùnsókè pọ̀ sí, ohùn rẹ̀ lágbára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè má yé yín. Ráútà àwọn aládùúgbò lè pa ariwo bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ìgbóúnjẹgbóná máíkírówéfù náà lè pa á, nítorí ìgbì tí ó ń lò súnmọ́ èyí tí ọ̀pọ̀ Wi-Fi ń lò.

Èkejì, èrò. Bí ènìyàn 20 bá ń lo ráútà kan, wọ́n ní láti gba ọ̀rọ̀ sọ lẹ́nu ara wọn.

Ẹ̀kẹta, èsì. Ẹ lè máa gbọ́ ráútà dáadáa kí ráútà má gbọ́ yín, bí ohùn tirẹ̀ bá lágbára ju ti káàdì yín lọ.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀nà tí ó wà lẹ́yìn ráútà. Bí owó íntánẹ́ẹ̀tì bá ti tán, tàbí tí wáyà já lójú pópó, ráútà yóò ṣì máa fọ́n ìgbì. Ọ̀pá mẹ́rin yóò ṣì wà níbẹ̀ gbọn-in.

8. BÍ A TI Ń KA NỌ́ŃBÀ GIDI

Ẹ ṣí Terminal lórí Linux. Ojú dúdú tàbí funfun kan ni yóò ṣí, tí a ń kọ àṣẹ sí. Ẹ kọ àṣẹ kan, kí ẹ tẹ Enter.

Àṣẹ kìíní: iw dev
Èyí yóò sọ orúkọ káàdì yín. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé "Interface". Ó lè jẹ́ wlan0, ó sì lè jẹ́ òmíràn bíi wlp2s0.

Àṣẹ kejì: iw dev wlan0 link
Ẹ fi orúkọ káàdì tiyín rọ́pò wlan0. Ẹ wá ìlà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "signal". Nọ́ńbà dBm ni ó wà níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí ó máa ń lọ sókè sódò bí ènìyàn bá ń kọjá tàbí bí a bá ti ìlẹ̀kùn.

Àṣẹ kẹta: ip route
Ẹ wá ọ̀rọ̀ "default via". Nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé e ni àdírẹ́sì ráútà yín.

Àṣẹ kẹrin: ẹ kọ ping -c 10, kí ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ àdírẹ́sì ráútà náà tẹ̀lé e. Kọ̀ǹpútà yóò kí ráútà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí ó bá sọ ní ìparí pé "0% packet loss", ráútà dáhùn gbogbo ìkíni náà.

Wàyí o, ẹ fi orí ro ó. Bí dBm bá dára, tí ráútà sì ń dáhùn gbogbo ìkíni, tí íntánẹ́ẹ̀tì kò sì lọ, ẹ má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà ẹ̀yìn ráútà ni kí ẹ bèèrè. Bí dBm bá dára, tí ráútà kò dáhùn dáadáa, ó lè jẹ́ ariwo tàbí èrò. Bí dBm bá rẹlẹ̀, ẹ gbé ráútà kúrò lẹ́yìn irin àti ògiri kí ẹ tó ronú owó. Gbígbé kò náni ní kọ́bọ̀.

A kò sọ pé kí ẹ má wo ọ̀pá mọ́. Ó dára fún ìwò ojú kan. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ owó bá ti wọ̀ ọ́, ẹ ka nọ́ńbà.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ

1. Èwo ni ó lágbára jù nínú −45 dBm àti −65 dBm? Kí ni ìdí rẹ̀?
2. Kí ni ògbufọ̀ káàdì ń ṣe?
3. Dárúkọ ohun méjì tí ọ̀pá mẹ́rin kò lè sọ fún wa.
4. Nọ́ńbà kan jẹ́ −85 dBm. Ọ̀pá mélòó ni ìṣirò àkọ́kọ́ yóò ya? Mélòó ni ìṣirò kejì yóò ya?

Ìdáhùn ìbéèrè kẹrin: Ní ìṣirò àkọ́kọ́, −85 fi ìgbésẹ̀ 15 ga ju òfo lọ. 15 nínú 60 jẹ́ 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pá kan. Ní ìṣirò kejì, ó fi ìgbésẹ̀ 25 ga ju òfo lọ. 25 nínú 70 jẹ́ bí 36 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pá méjì.

IṢẸ́ ṢÍṢE

Ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù. Ẹ yan ibi mẹ́ta nínú ilé tàbí ní ibi iṣẹ́ yín. Ní ibì kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye ọ̀pá tí ẹ rí sílẹ̀, kí ẹ sì kọ dBm sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ fi wé ara wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ohun tí ẹ kọ han ẹlòmíràn, kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un.